Igi Kẹrin Lára Àkàbà Bàbá Káfíńtà

                                        Ojúlé kẹrìnlá,
                                        Òpópónà tí o mọ̀ dáadáa.
                                        Ọjọ́ kọkànlá, oṣù kẹta.

Abẹ́rẹ́, ọ̀rẹ́ mi ọ̀wọ́n,

Ṣé àlàáfíà ni o wà? Bàbá àwọn ọmọ ńkọ́, ṣé ẹ̀yìn tó ń dùn wọ́n ti fúyẹ́? Ọmọ wa obìnrin ńkọ́, ṣé ó ti rí ọkọ tó mọ aṣọ lọ̀ bó ṣe ń wá a? Ṣé wọ́n ṣì ń pè ọ́ ní Abẹ́rẹ́ níbẹ̀, àbí èmi nìkan ló kù tó rántí orúkọ tí ọ̀gá tó kọ́ wa níṣẹ́ aṣọ sọ wá?

Mo gba lẹ́tà rẹ. Mo kà á lẹ́ẹ̀mejì, mo fi í sábẹ́ ẹ̀rọ ìránṣọ, mi ò dáhùn. Má bínú. Láti ìgbà tí ọkọ mi ti kú, ọkọ wa gẹ́gẹ́ bí o ṣe máa ń fi ṣe yẹ̀yẹ́, mi ò mọ bí ara mi ṣe rí. Mò ń jẹun, mi ò mọ adùn rẹ̀. Mò ń gé aṣọ, aṣọ ń gún régé, inú mi ò dùn sí i, inú mi ò sì bàjẹ́. O bi mí bóyá mo ti sunkún. Mi ò tíì sun ún. Ojú mi gbẹ.

Ohun tí mo fẹ́ sọ fún ọ yìí, jọ̀ọ́, má rẹ́rìn-ín títí màá fi parí ẹ̀. O rántí gbàgede àdúgbò wa, èyí tí gbogbo òpópónà ti ń bá ara wọn sọ̀rọ̀ lórí fóònù? Ọkọ wa kì í kúrò níbẹ̀. Bó bá ti fi jígí sójú lẹ́yìn oúnjẹ àárọ̀, ẹ̀rín ni. Mo máa ń bú u pé àgbàlagbà wo ló ń jókòó ti òfófó báyìí. Lẹ́yìn tó lọ, fóònù rẹ̀ kò dákẹ́. Ó wà lórí tábìlì tí mo fi ń gé aṣọ, ó ń dún. Ta ló ń sun pàǹtírí tí èéfín fi ba aṣọ òun jẹ́ lórí okùn? Ológbò ta ló bímọ sínú àpótí bàtà òun? Ẹnì kan ya àwòrán bàtà ẹsẹ̀ òsì kan ṣoṣo tó rí lẹ́nu ọ̀nà, ó ní kí ẹni tó ni ín wá mú un. Ẹlòmíràn ní kó ní sùúrù, ẹsẹ̀ ọ̀tún ń bọ̀ lọ́nà. Mi ò lágbára láti pa fóònù náà. Mo kàn ń kà á.

Nọ́ọ̀sì kan kó wá sí ilé igun lẹ́yìn ìsìnkú. Láàárọ̀ ọjọ́ kan ó kọ ọ́ síbẹ̀ pé gílóòbù iwájú ilé òun ti jó, ta ló ní àkàbà? Kò sẹ́ni tó dáhùn. Gbogbo wọn mọ̀ pé ara ògiri ilé wa ni àkàbà àdúgbò ń gbé, wọ́n sì mọ ẹni tó ni ín. Mi ò mọ ohun tó ṣe mí, mo tẹ̀ ẹ́ pé, “Àkàbà wà níbí. Ẹ wá gbé e.” Fóònù ọkọ wa ni, orúkọ tó jáde ni Bàbá Káfíńtà. Nọ́ọ̀sì ní, “Ẹ ṣeun, Bàbá. Ẹ ó pẹ́ fún wa.”

Ó yẹ kí n ṣàlàyé. Mi ò ṣàlàyé. Mo fi fóònù sápò, mo sì jẹ àwo oúnjẹ kan tán lọ́jọ́ náà.

Láti ìgbà náà ni mo ti ń dáhùn bí òun. Wọ́n yá àkàbà lẹ́ẹ̀mẹrin lóṣù kan. Mo tilẹ̀ ń fi irú àwàdà rẹ̀ kún un, pé kí ẹni tó bá sanra kọ́kọ́ tọrọ ìyọ̀ǹda lọ́wọ́ àkàbà. Àwọn tó bá wa gbé pósí náà ń kọ ọ́ pé, “Ẹ ṣé, Bàbá.” Mo ní họ́wù, wọ́n ti gbàgbé. Kò tiẹ̀ dùn mí. Kí ẹnikẹ́ni ṣáà má gba ibẹ̀ lọ́wọ́ mi ni mo fẹ́, torí ibẹ̀ nìkan ni wọ́n ti ń kí i. Nínú ilé, kò sẹ́ni tó ń pè é mọ́.

Ní Ọjọ́bọ̀ tó kọjá, nọ́ọ̀sì tún yá a láti fi kó ewé kúrò nínú ọ̀ṣọ̀ọ̀rọ̀ etí òrùlé. Àwọn yòókù máa ń gbé e kọ́ ògiri padà ni, wọn a sì máa lọ. Òun kan ilẹ̀kùn. Ó ní òun fẹ́ kí Bàbá lójúkojú, kí òun sì sọ fún wọn pé igi kẹrin láti ìsàlẹ̀ ń mì. Ẹsẹ̀ òun ti yọ̀ lórí rẹ̀; ọpẹ́lọpẹ́ onígbàjámọ̀ òdìkejì ọ̀nà tó di ẹsẹ̀ àkàbà mú, òun ì bá dèrò ilé ìwòsàn, kì í sì í ṣe láti lọ ṣiṣẹ́. Ó ń rẹ́rìn-ín. “Bàbá ńkọ́, Mà?”

Èmi ni mo ní kó wá gbé e. Abẹ́rẹ́, ó ti lé ní oṣù mẹ́ta, ẹnu mi ò tíì sọ ọ́ rí pé ó kú. Àwọn ẹlòmíràn ló ń bá mi sọ ọ́. Mo ní, “Ọkọ mi ti kú. Èmi ni mò ń kọ ọ́.” Ó gbé àkàbà ti ara ògiri jẹ́jẹ́, ó di ọrùn ọwọ́ mi mú, ó sì dúró bẹ́ẹ̀. Kò bú mi. Ó kàn ní kí n jókòó ná.

Mi ò lè jókòó. Mo sọdá sọ́dọ̀ onígbàjámọ̀ tòun ti téèpù lọ́rùn mi. Ó ti fá ìdajì orí oníbàárà kan. Mo bi í pé ta ló ní kó lọ di àkàbà mú. Ó pa ẹ̀rọ ọwọ́ rẹ̀.

“Ìyá, ẹ má bínú. Ọjọ́ àkọ́kọ́ tẹ́ ẹ kọ̀wé la ti mọ̀ pé ẹ̀yin ni. Bàbá ò lè yá èèyàn ní àkàbà kí wọ́n má sọ pé ká má tẹ igi kẹrin. Ọ̀gá ilé-ìwé ló ní kẹ́nikẹ́ni má yọ yín lẹ́nu, pé ẹni tó bá wà nítòsí ni kó máa bá wọn di ẹsẹ̀ ẹ̀ mú.”

Ọ̀gá ilé-ìwé ni obìnrin tó ti fẹ̀yìn tì yẹn, òun ló ń bójú tó gbàgede náà, tó ń bá gbogbo wa wí bí ọmọ kíláàsì kejì. Oníbàárà olórí ìdajì náà dá sí i, ó ní òun náà ti dì í mú lẹ́ẹ̀kan.

Mo padà délé, mo yí ọ̀rọ̀ inú fóònù lọ sókè, títí dé àwọn ọdún tí mi ò kà. Ó wà níbẹ̀ lóòótọ́. “Àkàbà wà. Ẹ má tẹ igi kẹrin.” Gbogbo ìgbà. Èmi tí mi ò gun àkàbà rí, báwo ni mo ṣe fẹ́ mọ̀? Káfíńtà tó ń tún ilẹ̀kùn gbogbo ayé ṣe! Ẹnì kan ti bi í rí pé kí ló dé tí kò kúkú fi ìṣó kàn án. Ó dáhùn pé, “Bí mo bá tún un ṣe, kí ni n ó máa rí bá yín sọ?”

Ẹ̀rín bọ́ lẹ́nu mi kí n tó mọ̀, ó sì bà mí lẹ́rù. Mo rò pé ẹkún á tẹ̀lé e. Mo dúró dè é, kò wá.

Ní àárọ̀ ọjọ́ kejì mo kọ ọ́ síbẹ̀ pé ìyàwó Bàbá Káfíńtà ló ń kọ èyí, òun náà ló sì ti ń kọ ọ́ látọjọ́ yìí, kí wọ́n má bínú. Mo ní àkàbà ṣì wà. Ọ̀gá ilé-ìwé dáhùn pé, “A ti rí i, Ìyá. Ẹ kú àárọ̀.” Lẹ́yìn náà ẹnì kan béèrè ẹni tó máa gba ọmọ ológbò, ó ní ó ku méjì. Ó tẹ́ mi lọ́rùn bẹ́ẹ̀. Onígbàjámọ̀ ní òun mọ ẹni tó lè kan igi náà pa. Mo ní kó jẹ́ kó wà.

Bá mi kí bàbá àwọn ọmọ, kí wọ́n má gbé nǹkan wúwo. Sọ fún ìyá rẹ pé aṣọ wọn ti parí, apá òsì nìkan ló kù. O ní o ń bọ̀ lóṣù tó ń bọ̀ láti wá bá mi palẹ̀ ẹrù rẹ̀ mọ́. Máa bọ̀. Mi ò lè ṣèlérí pé wàá bá mi bí o ṣe mọ̀ mí. Àpótí rẹ̀ méjì wà lókè àjà, ìwọ ni wàá gun àkàbà, èmi ni màá di ẹsẹ̀ rẹ̀ mú. Má tẹ igi kẹrin.

                                        Ibi tí o bá gbà ni mò ń tọ̀,
                                        Òwú rẹ.