Bí Ìyá Ẹ Ṣe Tún Wọ Lándírófà

Ìdíátù Àṣàkẹ́, ọmọ mi,

Mo kí ẹ, mo kí ọkọ ẹ, mo kí àwọn ọmọ, mo kí ẹni tó ń ṣọ́ géètì yín náà tí kò jẹ́ kí n wọlé lọ́jọ́sí. Ọlọ́run tó jẹ́ kó o sọdá sí Lẹ́kì, omi ibẹ̀ kò ní gbé ẹ lọ. Tó o bá fẹ́ mọ̀ nípa tiwa, ara mi le, orúnkún ọ̀tún nìkan ló ń ṣe bí ẹni tó ń bínú. Ìyá ẹ wà, ewúrẹ́ bí mẹ́ta, wọ́n sì ti gbẹ́ kòtò síwájú ilé wa ní Ìgàndò níbí, wọ́n ní gọ́tà ni, ó ti di oṣù kẹrin báyìí, pákó la fi ń sọdá, ó ti mọ́ wa lára.

Fawas àbúrò ẹ ló ń bá mi kọ lẹ́tà yìí, torí ojú mi ò ríran ka lẹ́tà wínníwínní mọ́. Mo ti sọ fún un pé ohun tí mo bá sọ ni kó kọ, kó má fi tiẹ̀ kún un.

(Ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta, Àǹtí mi. Fawas nìyí. Gbogbo ibi tí mo bá ti fi àmì yìí há ọ̀rọ̀ mọ́lẹ̀, tèmi ni, Bàbá ò lè rí i. Ẹ tiẹ̀ wo ọwọ́ ìwé mi. Wọ́n ní JS Tú ni mo ti sá kúrò nílé ìwé, àwọn tó kà á parí dà, ta ló kọ ọ́ tó báyìí?)

Ẹrù tó o fi fóònù rà fún mọ́tò ti dé. Ọ̀rọ̀ yẹn ṣì ń yà mí lẹ́nu, pé irin tó wúwo báyẹn wà nínú fóònù. Kó tó dé, àwọn tó gbé e ń kí wa lórí fóònù lójoojúmọ́. Wọ́n ní ẹrù ti kúrò ní ilé ìkẹ́rùsí, mo ní Ọlọ́run á ṣọ́ ọ lọ́nà. Wọ́n ní ó ti dé Òṣòdì, mo ní àlùbáríkà. Gbogbo ẹ̀ ni mo ní kí Fawas fèsì. Wọn ò dáhùn àmín lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo, mo ṣáà gbà pé ọwọ́ wọn dí.

Ní àárọ̀ Túsìdeè, nọ́ńbà mẹ́fà wọlé, wọ́n sì kọ ọ́ sábẹ́ ẹ̀ pé kí n má sọ ọ́ fún ẹnikẹ́ni. Mo ní kò burú, èmi kì í ṣe ẹlẹ́nu wẹ́wẹ́. Kò pẹ́ ni ọmọkùnrin kan tó ń jẹ́ Richard fi bọ́ọ̀sì kékeré gbé páálí ńlá kan dé, ó kí mi dáadáa, ó wá ní kí n fún òun ní nọ́ńbà. Mo wò ó. Mo ní wọ́n ní kí n má fún ẹnikẹ́ni. Ó ní òun ni wọ́n ní kí n fún. Mo ní ohun tí ẹni tí wọ́n ní kí n má fún máa sọ gan-an nìyẹn. Ó bẹ̀ mí, mi ò gbà. Ìyá ẹ ro ẹ̀bà fún un, ó jẹ ẹ́, mo kírun àìlà, mo padà wá bá a lórí bẹ́ǹṣì, síbẹ̀ mi ò gbà, torí mo ti rí i pé wọ́n fi í dán mi wò ni. Àfìgbà tí Fawas ti ṣọ́ọ̀bù dé tó sọ nọ́ńbà náà fún un lójú mi. Richard ní láti ọjọ́ tí òun ti ń gbé ẹrù, òun ò tíì rí oníbàárà tó bọ́ òun yó tán tí kò gba ẹrù ẹ̀.

Ó dáa, ọ̀rọ̀ mọ́tò gan-an. O mọ̀ pé ọ́kíṣọ̀n ìjọba ni mo ti rà á nígbà tí mo ń wa àwọn tó ń wọn ilẹ̀ kiri, kò sì sí ẹrọ̀fọ̀ tó lè dá a dúró. Àléébù ẹ̀ kò ju ẹyọ kan lọ, pé èmi náà ò lè dá a dúró. Tí mo bá fẹ́ dúró ní Ìkòtún, àfi kí n ti máa tẹ bíréèkì láti Ẹ̀gbẹ́dá. Ìdí tá a fi ní igi wẹ́ẹ̀jì nìyẹn, igi ìrókò tó tó orí àgbò, tá a máa ń sọ sábẹ́ táyà kó má baà yí lọ. Ìwọ náà gbé e rí.

Ọdún kẹsàn-án rèé tí mo sọ̀ kalẹ̀ lọ kí èèyàn lórí gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ ẹ̀gbẹ́ ilé wa, tí igi yọ̀, tí mọ́tò gbé ìyá ẹ nìkan lọ wọnú ibi tí Àjíṣafẹ́ ti ń yọ búlọ́ọ̀kù. Ogójì búlọ́ọ̀kù tútù ló fọ́. Ìyá ẹ ò fara pa, bàtà ẹsẹ̀ kan ló sọnù, àmọ́ àárín búlọ́ọ̀kù yẹn náà ló dúró sí tó ní: "Ọjọ́ tí mọ́tò yìí bá dá dúró láìsí igi, ọjọ́ yẹn ni mo máa tún wọ̀ ọ́." Láti ìgbà yẹn, orogún òun ló ń pè é. Tá a bá jọ ń lọ òde, èmi á wà nínú mọ́tò mi níwájú, òun á wà nínú kẹ̀kẹ́ lẹ́yìn, a ó jọ débẹ̀ bí àwọn tí ò mọra wọn rí. Ó ń dùn mí, mi ò kàn sọ ni.

Abdulganiyy, ọ̀gá Fawas ní Ìkòtún, ló wá bá wa ṣe é. Irin gbọọrọ tó ń yí táyà, tó ti tín-ín-rín tó máa ń kán tí mo bá ti ń gun òkè, tí wọ́n ń pè ní áàsù, wọ́n fa ìyẹn yọ, wọ́n ki èyí tó nípọn bọ̀ ọ́. Wọ́n yọ bíréèkì àtijọ́ tó rí bí ìdérí ìkòkò, wọ́n fi dísìkì sí i, irin pẹlẹbẹ bí àwo, tí nǹkan kan máa ń há mú bí ìgbà téèyàn fi ìka méjì mú ọmọ létí. Wọ́n wá fi họ́ọ̀bù sí àárín táyà iwájú, ó ní ohun tí wọ́n ń fọwọ́ yí bíi ti sítóòfù gáàsì. Tí ọ̀nà bá dáa, kí n yí i sí fíríì. Tí ẹrọ̀fọ̀ bá wà, kí n yí i sí lọ́ọ̀kì, kí táyà iwájú lè bá tẹ̀yìn fà. Mo bi Abdulganiyy pé ṣé ó gba kọ́kọ́rọ́, ó ní kì í ṣe ti olè rárá. Mo ṣì ń lọ́ọ̀kì ẹ̀ tí mo bá fẹ́ sùn ṣá. Olè kì í gbọ́ àlàyé.

(Àǹtí, ẹ má jẹ́ kí wọ́n tàn yín. Ìdúró ni Abdulganiyy wà, èmi ni mo wà lábẹ́ mọ́tò fún ọjọ́ mẹ́wàá. Láti Gowon Estate títí dé Ìpájà, ẹ lọ wá ọmọ ogún ọdún tó lè fi dísìkì sí Lándírófà tó ju ìlọ́po méjì ọjọ́ orí ẹ̀ lọ. Tẹ́ ẹ bá rí i, èmi náà ni, mo kàn rìn lọ síbẹ̀ ni.)

Sọ́ńdè tó kọjá la fẹ́ lọ sí wòlímọ̀ Zulaihat, ọmọ Fàtíà ìbátan wa, ní Ìpájà. Ìyá ẹ ní òun á kọ́kọ́ fojú òun rí i pé ó dá dúró láìsí igi. Mo gbé mọ́tò lọ sórí gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́, mo kọ imú ẹ̀ sísàlẹ̀, mo fa bíréèkì ọwọ́. Ó dúró. Ìyá ẹ ní kí n jẹ́ kí òun lọ wé gèlè, kí òun padà wá wò ó bóyá ó ṣì wà níbẹ̀.

Ìdíátù, èyí tí mo fẹ́ sọ yìí, kó má jáde lẹ́nu ẹ. Bó ṣe wọlé lọ, ọkàn mi ò balẹ̀. Ogójì ọdún tí mo ti ń fi igi sí i, kì í ṣe ọjọ́ kan. Mo wo ọ̀tún, mo wo òsì, mo rọra sọ igi náà sábẹ́ táyà ẹ̀yìn níbi tí koríko ti bò ó.

Ìyá ẹ jáde, ó rí mọ́tò lójú kan, ó rẹ́rìn-ín, ó wọlé jókòó sẹ́gbẹ̀ẹ́ mi. Lẹ́yìn ọdún mẹ́sàn-án. Mo tún fìlà mi ṣe. Abdulganiyy àti Fawas wọ ẹ̀yìn. Mo tú bíréèkì ọwọ́ sílẹ̀, mo ki jíà, mo tẹ iná, mọ́tò bú ramúramù, kò kúrò. Mo tún tẹ̀ ẹ́, òórùn rọ́bà bẹ̀rẹ̀ sí í jáde, kò kúrò. Mo fi Ọlọ́run búra, ayọ̀ ti mú kí n gbàgbé igi pátápátá. Mo ní wọ́n ti bà á jẹ́. Mo ní Fawas ti fi áàsù sí i lódì. Fawas ní áàsù òun kò ní lódì. Mo tún fa bíréèkì ọwọ́, Abdulganiyy fi jálàmíà funfun sùn sílẹ̀, ó yí họ́ọ̀bù sí fíríì, ó yí i sí lọ́ọ̀kì, ó ń mi orí. Nísàlẹ̀ lọ́hùn-ún, Àjíṣafẹ́ ti na ọwọ́ méjèèjì síwájú búlọ́ọ̀kù ẹ̀.

Ìyá ẹ ṣí ilẹ̀kùn. Ó sọ̀ kalẹ̀, ó rìn yí mọ́tò ká, ó fi ẹsẹ̀ la koríko, ó bẹ̀rẹ̀, ó sì gbé igi wẹ́ẹ̀jì jáde bí ẹni gbé ọmọ tuntun. Ó béèrè ẹni tó fi síbẹ̀. Fawas ní kì í ṣe òun. Èmi ń wo ojú sánmà bóyá òjò máa rọ̀. Mo mọ̀ pé kẹ̀kẹ́ ló kù.

Àmọ́ ó padà wọlé, ó gbé igi lé itan, ó ti ilẹ̀kùn. Ó ní: "Bàbá Ìdíátù, ẹ wà á. Igi ti wà lọ́wọ́ mi báyìí. Àfi kẹ́ ẹ tẹ bíréèkì."

Mo wà á. Ó ń sáré sọ̀ kalẹ̀, mo pe Ọlọ́run, mo fi ẹsẹ̀ méjèèjì tẹ̀ ẹ́ bí mo ṣe ń tẹ ti tẹ́lẹ̀. Ibi tí mo ti tẹ̀ ẹ́ náà ló dúró sí. Gèlè ìyá ẹ fò lọ lẹ̀ mọ́ gíláàsì, fìlà mi bá igi lórí itan ẹ̀, Abdulganiyy sì wà lọ́rùn Fawas. A ò tíì dé ìdajì gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́. Mo ń retí èébú. Ìyá ẹ mú gèlè ẹ̀, ó gbọ̀n ọ́n, ó ní kí n gbé mọ́tò padà sókè, kí n tún ṣe bẹ́ẹ̀. Ẹ̀ẹ̀mẹta la ṣe é. Ní ẹ̀ẹ̀kẹta, Àjíṣafẹ́ fúnra ẹ̀ ń pàtẹ́wọ́. A wá jọ lọ sí Ìpájà nínú mọ́tò kan ṣoṣo, ó ń juwọ́ sí àwọn ọlọ́kẹ̀kẹ́ bí ìyàwó gómìnà.

Igi náà ti wà ní kíṣìnnì báyìí, ìyá ẹ fi há ẹsẹ̀ tábìlì tó ti ń mì láti ìgbà tó o wà ní pírámárì.

Tí nǹkan bá wà lọ́wọ́ ẹ, fi díẹ̀ ránṣẹ́ fún òróró bíréèkì, wọ́n ní èyí ò mu òróró lásán, àti bẹ́líìtì tí ìyá ẹ máa fi de ara ẹ̀ mọ́ ìjókòó, torí gèlè ẹ̀. Àwọn ẹlẹ́rù tún ní kí n fún Richard ní ìràwọ̀ márùn-ún. Mi ò ní ìràwọ̀, mo ti fi iṣu márùn-ún pa mọ́ fún un, bá mi sọ fún wọn kó wá gbé e.

Ibi tó yẹ kó o dúró, o ò ní kọjá ẹ̀. Ibi tó yẹ kó o dé, igi kankan ò ní há ẹ mọ́lẹ̀. Ẹni tó jókòó tì ẹ́ ò ní sọ̀ kalẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ. Àmín.

Èmi bàbá ẹ,
Sàkàrìyáù Onílándírófà.

(Àǹtí mi, Bàbá ti lọ kírun. Láàárọ̀ yìí, mo ń wá sípánà lábẹ́ ìjókòó wọn nínú mọ́tò, mo bá wẹ́ẹ̀jì tuntun níbẹ̀, igi máńgòrò, ó ṣì tutù. Mo gbé e lọ fi han Màmá, kí wọ́n lè mọ ẹni tí mo ń bá ṣiṣẹ́. Wọ́n wá aṣọ àlòkù, wọ́n wé igi náà dáadáa kó má baà máa pariwo lábẹ́ Bàbá, wọ́n ní kí n lọ dá a padà síbi tí mo ti rí i.)