Ẹjọ́ Òkòtó àti Ẹyẹlé Lórí Yìnyín

Ọmọ mi àtàtà,

Mo kí ọ kú àárọ̀ bó bá jẹ́ àárọ̀ ni lẹ́tà yìí bá ọ, mo kí ọ kú ọ̀sán bó bá jẹ́ ọ̀sán, bó bá sì jẹ́ pé ibi iṣẹ́ lo ti ń kà á, jọ̀wọ́ kọ́kọ́ gbé e pamọ́ kí ọ̀gá rẹ má baà rí ọ. Ṣé àlàáfíà lo wà? Ṣé ara le? Ṣé àpótí onírin tó ń gbé yín lọ sókè níbi iṣẹ́ yín kò tíì já? Ọlọ́run yóò máa ṣọ́ ọ lókè, yóò máa ṣọ́ ọ nílẹ̀, yóò sì máa ṣọ́ ọ láàárín méjèèjì nínú àpótí yẹn.

Bó o bá béèrè wa, a dúpẹ́. Ewúrẹ́ dúdú ti bímọ, akọ méjì. Ògiri ẹ̀yìnkùlé tí à ń bẹ̀rù pé ó fẹ́ wó ti wó, nítorí náà ọkàn wa ti balẹ̀. Ìyá rẹ kí ọ. Ó ti ń bá mi sọ̀rọ̀ báyìí. Mo mọ̀ pé o kò mọ̀ pé kò bá mi sọ̀rọ̀ tẹ́lẹ̀, ìdí tí mo fi mú bírò nìyẹn. Ọjọ́ mọ́kànlá gbáko ni kò fi yanu sí mi, ohun tó sì fa ìjà náà ni àwọn ọmọbìnrin méjì kan tí wọ́n ń fi bàtà abẹ yọ̀ lórí yìnyín, ní ìlú tí ẹnikẹ́ni nínú wa kò dé rí.

Tẹlifíṣọ̀n tó o fi ránṣẹ́ ló bẹ̀rẹ̀ rẹ̀. Ọkùnrin tó wá gbé àwo sórí òrùlé kọ nọ́ńbà kan sílẹ̀ fún mi, ó ní bí mo bá ti tẹ̀ ẹ́, bọ́ọ̀lù ni màá rí. Mo tẹ̀ ẹ́, kì í ṣe bọ́ọ̀lù ló jáde. Gbọ̀ngàn ńlá kan ló jáde, ilẹ̀ rẹ̀ funfun, ó ń dán gbinrin. Èmi tí mo ti ń ṣe káfíńtà láti ọdún mẹ́tàlélógójì, mi ò wo ènìyàn kankan níbẹ̀, ilẹ̀ yẹn ni mo gbájú mọ́. Mo ní ta ló fá pákó yìí tó fi jọ̀lọ̀ tó báyìí, fáníìṣì wo ni wọ́n sì fi kùn ún? Tíṣà tó ti fẹ̀yìn tì, tó wá yá òòlù lọ́wọ́ mi, ló ní kì í ṣe pákó, pé omi tó dì ni. Mo ní ta ló wá ní fíríìjì tó tóbi tó bẹ́ẹ̀. Ó ní ilé náà fúnra rẹ̀ ni fíríìjì. Mo ní tó bá rí bẹ́ẹ̀, kí wọ́n yáa wá aṣọ gidi wọ̀ fún àwọn ọmọ yẹn, nítorí èyí tó wà lára wọn kò tó ẹni í fi nu tábìlì.

Bí a ṣe bọ́ sínú rẹ̀ nìyẹn o. Gbogbo ọ̀sán Sátidé ni a ń pé jọ sí pálọ̀. Tíṣà á mú ìwé àti pẹ́ńsùlù dání láti máa kọ máàkì sílẹ̀. Ṣúmékà á ti ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ pa, ó ní bàtà tó ní abẹ nísàlẹ̀ kò ṣeé fi sílẹ̀ fún àwọn tí kò mọ̀ nípa bàtà. Ìyá rẹ á jókòó sẹ́bàá ilẹ̀kùn, á máa rán bọ́tìnnì, á máa ṣe bí ẹni pé kò wò. Wọ́n ní ìdíje àwọn ọ̀dọ́mọbìnrin ni, àwọn tí kò tíì pé ogún ọdún, méjì nínú wọn ló sì wọ̀ wá lọ́kàn. A kò lè pe orúkọ wọn, ahọ́n Ṣúmékà fẹ́rẹ̀ẹ́ ká mọ́ eyín nígbà tó gbìyànjú, la bá fún wọn lórúkọ tiwa. Ọ̀kan máa ń wọ funfun, ó máa ń lọ jẹ́jẹ́ bí ẹni tí kò fẹ́ jí ọmọ tó sùn, a pè é ní Ẹyẹlé. Ìkejì tín-ín-rín, ó máa ń yí títí o kò fi ní mọ ibi tí ojú rẹ̀ wà, a pe ìyẹn ní Òkòtó. Èmi àti Ṣúmékà ń ṣe ti Ẹyẹlé. Ìyá rẹ ń ṣe ti Òkòtó. Tíṣà ní ti ìṣirò lòun ń ṣe.

Ọjọ́ àṣekágbá wá dé. Ẹyẹlé ló kọ́kọ́ jáde. Ọmọ mi, kò yẹsẹ̀, kò kọsẹ̀, ó parí, ó tẹrí ba, Ṣúmékà sì nu ojú. Òkòtó jáde. Ó sáré, ó fò sókè, ó yí nínú afẹ́fẹ́. Èmi ka méjì, Tíṣà ka mẹ́ta, ìyá rẹ tí kò gbé ojú kúrò lára bọ́tìnnì ní mẹ́rin ni, tẹlifíṣọ̀n náà sì ní mẹ́rin ni. Ìgbà tó máa balẹ̀ báyìí, ìdí ló fi balẹ̀, gbì! Ó dìde, ó tẹ̀ síwájú, ó parí.

Ohun tó wá bí mi nínú nìyí. Bó ṣe parí tán, wọ́n tún mú ọmọ yẹn padà, wọ́n ní kó tún un ṣubú. Díẹ̀díẹ̀ lọ́tẹ̀ yìí, kí àwọn tó jókòó lẹ́yìn lè rí i. Ó tún un ṣe. Wọ́n ní ẹ̀gbẹ́ kan kò rí i dáadáa, ó tún un ṣe níhà kejì. Mo figbe ta. Mo ní irú ìkà wo rèé, ọmọ ọlọ́mọ, lórí omi dídì! Tíṣà ń ṣàlàyé pé àwòrán ti ẹ̀ẹ̀kan yẹn náà ni wọ́n ń yí padà, mo ní kó fi mí sílẹ̀, èmi kì í ṣe ọmọdé, mo fojú mi ka ìṣubú mẹ́ta.

Máàkì wá jáde. Òkòtó ló gba ipò kìíní! Ohun tó fi ju Ẹyẹlé lọ kò tó odidi máàkì kan, Tíṣà ní ìdá mẹ́rin nínú mẹ́wàá ni. Mo ní ta ló ń gé máàkì sí wẹ́wẹ́, irú ayùn wo ni wọ́n sì fi ń gé e? Ọ̀rọ̀ di iṣu ata yán-an-yàn-an. Ṣúmékà ní ọ̀kan nínú àwọn adájọ́ náà, èyí tó wọ awò ojú, pé ìlú kan náà ni adájọ́ yẹn àti Òkòtó ti wá, pé òun rí i tó rẹ́rìn-ín músẹ́. Tíṣà ní kì í ṣe bẹ́ẹ̀, pé ẹni tó gbìyànjú ohun tó le jù, bó tilẹ̀ ṣubú, máàkì rẹ̀ ṣì lè ju ti ẹni tó ṣe ohun tó rọrùn láìṣubú lọ. Mo bá dìde dúró. Mo ní ìṣubú ni ìṣubú. Mo ní bí mo bá kan àga fún oníbàárà mi, tí àga náà dà á sílẹ̀, ṣé màá wá sọ fún un pé kó fún mi lówó sí i nítorí pé àga náà ṣòro kàn? Ṣúmékà pàtẹ́wọ́ fún mi.

Ìyá rẹ gbé abẹ́rẹ́ sílẹ̀. Ó rọra béèrè pé ṣé mo rí bí ọmọ yẹn ṣe dìde. Mo ní kì í ṣe dídìde ni wọ́n ń díje lé lórí. Ó wò mí láti orí dé àtẹ́lẹsẹ̀, bí ẹni tó fẹ́ rà mí tó wá rí i pé mo ti kẹ̀. Ó kó bọ́tìnnì rẹ̀, ó wọ yàrá wa, ó gbé ìrọ̀rí rẹ̀ lọ sí yàrá tìrẹ ní ọ̀sán gangan, lójú àlejò.

Láti ọjọ́ yẹn, oúnjẹ mi ń dé lásìkò, omi ìwẹ̀ mi ń gbóná, ṣùgbọ́n ewúrẹ́ ló ń jíṣẹ́ láàárín wa. Ìyá rẹ á dúró lẹ́nu ọ̀nà, á ní ewúrẹ́, jọ̀wọ́ sọ fún ẹni tó ní ìṣubú ni ìṣubú pé oúnjẹ rẹ̀ ti ń tutù. Èmi náà á ní ewúrẹ́, bá mi dúpẹ́ lọ́wọ́ wọn. Ewúrẹ́ náà rù nítorí wàhálà.

Ṣúmékà ní ká gbé ẹjọ́ náà lọ sọ́dọ̀ àwọn tó gbé ìdíje náà kalẹ̀. Ó wá ibi tí wọ́n ti ń fẹ̀sùn kàn rí lórí fóònù rẹ̀, wọ́n sì ní ká kọ́kọ́ kún fọ́ọ̀mù kan. Wọ́n béèrè ọdún tí wọ́n bí mi, ọdún yìí ni wọ́n sì kọ síbẹ̀, wọ́n ní kí n máa fi àtàǹpàkò yí i padà sẹ́yìn. Mo yí i, mo yí i. Mo kọjá ọdún tí wọ́n bí ọ, mo kí ọ. Mo kọjá ọdún tí mo fẹ́ ìyá rẹ, mo dúró díẹ̀ níbẹ̀, inú mi bàjẹ́, mo tún yí i lọ. Kí n tó dé ọdún tèmi, àtàǹpàkò mi ti wú. Wọ́n tún ní kí n fi hàn pé ènìyàn ni mí. Wọ́n kó àwòrán mẹ́sàn-án síwájú mi, wọ́n ní kí n tọ́ka sí gbogbo èyí tí àtẹ̀gùn wà nínú rẹ̀. Mo tọ́ka sí méjì. Wọ́n ní ó ku ọ̀kan. Mo mọ èyí tí wọ́n ń wí, ṣùgbọ́n ẹni tó kan ìyẹn kò mọ iṣẹ́, ìgbésẹ̀ kẹta ga ju ìkejì lọ, èmi kò sì lè fẹnu káfíńtà pe ìyẹn ní àtẹ̀gùn. Wọ́n ní mi ò tíì di ènìyàn. Ṣúmékà ló bá mi tọ́ka sí i nígbà tí mo lọ mu omi.

A kọ ojú ìwé mẹ́ta. Kí a tó ṣẹ́jú, èsì ti dé, pé wọ́n ti rí ìwé wa gbà àti pé ká má ṣe fèsì. Ká má ṣe fèsì! Mi ò tíì rí ọ́fíìsì tó yára tó bẹ́ẹ̀, tó sì ń rí ènìyàn fín tó bẹ́ẹ̀. Ṣúmékà ní ẹni tó ka ojú ìwé mẹ́ta tán kó tó mí ẹ̀ẹ̀kan, bó ṣe ń ka máàkì náà nìyẹn. A kò fèsì o, nítorí pé wọ́n ti kìlọ̀.

Ní ọjọ́ kẹwàá ìjà wa ni ọ̀gá ilé-ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ránṣẹ́ pè mí. Wọ́n fẹ́ ṣe ìdíje okùn fífò fún àwọn ọmọbìnrin, ó sì ti gbọ́ pé mo ń jà fún òdodo, ó ní kí n wá ṣe adájọ́ pẹ̀lú Tíṣà àti nọ́ọ̀sì. Inú mi dùn dé ẹ̀yìn. Mo wọ aṣọ tí mo wọ̀ nígbà tó o jáde ìwé. Gbogbo òbí ló wá ní ọjọ́ kejì, ìyá rẹ náà wà níbẹ̀, ó jókòó síbi tí kò ti ní rí mi, àmọ́ tí mo ti ń rí i.

Ọmọ Ṣúmékà fo okùn láìyẹsẹ̀, ọgọ́rin, ó mọ́ tónítóní, mo fún un ní méje. Ó wá kan ọmọ alágbàfọ̀, ọmọ kékeré kan tí orúnkún rẹ̀ tóbi ju itan rẹ̀ lọ. Ìyẹn fò, ó sì gbé okùn gba abẹ́ ẹsẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì kó tó balẹ̀. Mi ò rí irú ẹ̀ rí. Ó tún ṣe é. Ó pa ọwọ́ méjèèjì mọ́ra bí àgbélébùú, ó fẹ́ ṣe é lẹ́ẹ̀kẹta, okùn dì í lẹ́sẹ̀, ó sì na gbalaja sínú iyanrìn. Ọmọ náà tú okùn kúrò lẹ́sẹ̀, ó tu iyanrìn lẹ́nu, ó sì tún pa ọwọ́ méjèèjì mọ́ra. Ó ṣe é!

Ọmọ mi, kí n tó mọ ohun tí mò ń ṣe, ọwọ́ mi ti kọ mẹ́sàn-án.

Ṣúmékà dìde bí ẹni tí èèrà ta. Ó ní ṣé èmi nìyí? Èmi tí mo ní ìṣubú ni ìṣubú? Ó ní kí n ṣàlàyé níwájú ìjọ ènìyàn. Mo dìde. Mo ní gbogbo yín ẹ rí i tó ṣubú, ṣùgbọ́n ṣé ẹ rí bó ṣe dìde? Bí mo ṣe sọ ọ́ tán ni mo gbọ́ ohùn ara mi, mo sì rọra wo ibi tí ìyá rẹ jókòó sí. Kò rẹ́rìn-ín. Ó ń fi etí aṣọ nu ojú, ni ẹ̀rù bá bà mí.

Ọ̀sán ọjọ́ náà ló wá bá mi nínú ṣọ́ọ̀bù, ó jókòó lórí pákó tí mò ń fá. Ó ní òun kò fi ìgbà kankan bínú nítorí Òkòtó. Ó ní o ṣe ìdánwò ìgbéga níbi iṣẹ́ ní oṣù méjì sẹ́yìn, o kò yege, o sì bẹ òun kí òun má sọ fún mi, nítorí pé o mọ ohun tí màá sọ. Ó ní ọjọ́ tí mo dìde dúró ní pálọ̀, tí mo sọ ọ́ gan-an bí o ṣe ní màá sọ ọ́, ó dà bí ìgbà tí mo sọ ọ́ sí ọ lójú. Mo béèrè irú ìdánwò wo ni. Ó ní ìdánwò náà ló le jù nínú gbogbo tiwọn, pé ẹ̀yin mẹ́ta péré lẹ láyà láti ṣe é, ìwọ lo sì kéré jù nínú yín. Mo ní kó dìde lórí pákó náà, mo ń fá a lọ, mo ń fá a lọ, títí tí pákó ilẹ̀kùn oníbàárà fi tín-ín-rín bí ìwé. Ìyá rẹ ló gba irin iṣẹ́ lọ́wọ́ mi.

Jọ̀wọ́, bó bá rọ̀ ọ́ lọ́rùn, fi owó díẹ̀ ránṣẹ́ fún bàtà. Ṣúmékà ti bá mi ṣọ̀tá, bàtà mi sì wà lọ́dọ̀ rẹ̀ níbi tó ti ń rán an, ẹsẹ̀ ọ̀tún. Ó ní òun kò ní dá a padà àfi tí mo bá tún máàkì ọmọ òun kà. Èyí tó bá jẹ́ ẹsẹ̀ ọ̀tún nìkan náà tó mi, tòsì ṣì dára. Kó o tún fi owó pákó kan kún un, nítorí oníbàárà tó ní ilẹ̀kùn yẹn ti ń béèrè.

Ọmọ mi, Ọlọ́run kò ní jẹ́ kí àárẹ̀ mú ọ. Níbi tí wọ́n bá ti ń dá ọ lẹ́jọ́, Ọlọ́run yóò fi ẹni tó lójú síbẹ̀, tí yóò rí bó o ṣe fò ga tó. Tún ìdánwò náà ṣe. Bó o bá yege, sọ fún ìyá rẹ, òun ló mọ ìròyìn í tàn kálẹ̀. Bó o bá tún ṣubú, èmi ni kó o kọ́kọ́ pè.

Èmi ni,
Bàbá rẹ.