Ìpín Rẹ Nínú Àkàrà Òṣùpá

Jingtao, àbúrò mi,

Mo kí ọ, mo kí ìyàwó wa àti àwọn ọmọ. A ti tún òrùlé ilé ìdáná ṣe. Egbò ẹsẹ̀ Bàbá ni kò san, nítorí ìtọ̀ ṣúgà wọn le sí i láti ìgbà tí Màmá ti kú.

Ìdí nìyẹn tí mi ò fi fi ọ̀rá ẹlẹ́dẹ̀ sí àkàrà òṣùpá ọdún yìí, àkàrà ẹlẹ́wà tí à ń yan fún ọdún òṣùpá, tí mo sì dín ṣúgà rẹ̀ kù gan-an. Bàbá tọ́ ọ wò, wọ́n ní, "Lanfang, ṣé ẹ̀wà lásán lo fẹ́ fi bọ́ mi? Ìyá ẹ ì bá ti lé ẹ kúrò nídìí iná!"

Síbẹ̀, wọ́n gé e sí mẹ́ta: tiwọn, tèmi, tìrẹ. Wọ́n gbé tìrẹ síwájú àwòrán Màmá. Èyí tí Màmá máa ń yan máa ń pẹ́ tó oṣù kan, nítorí ọ̀rá àti ṣúgà inú rẹ̀. Tèmi kì í kọjá ọjọ́ mẹ́ta kó tó bu. Ẹ̀ẹ̀mẹrin ni mo ti yan òmíràn, tí mo fi pààrọ̀ rẹ̀ láìjẹ́ kí Bàbá mọ̀.

Ohun tí mo fẹ́ sọ gan-an rèé. Dókítà ní bí àwọn ò bá gé ẹsẹ̀ náà kí oṣù yìí tó parí, egbò yẹn á pa Bàbá. Bàbá ò fọwọ́ sí i. Wọ́n ní, "Ó di ìgbà tí Jingtao bá jẹ ìpín rẹ̀ lójú mi."

Mi ò bínú pé o ò wá síbi ìsìnkú Màmá. Jọ̀ọ́, máa bọ̀. Ọ̀nà á rọ̀ ọ́ lọ́rùn. Ẹ̀wà fún àkàrà ìkarùn-ún ti wà lórí iná bí mo ṣe ń kọ èyí.

Ẹ̀gbọ́n rẹ,
Lanfang