Ìwé Àṣẹ Alágbàtà Wáìnì

Bordeaux, ilẹ̀ Faransé
14 Oṣù Kọkànlá, 1996

Bàbá mi,

Ẹ kú ilé o. Ìwé àṣẹ náà ti tẹ̀ mí lọ́wọ́! Mo ti lẹ́tọ̀ọ́ láti máa bá àwọn tó ń ṣe wáìnì níbí wá oníbàárà ní òkè òkun.

“Alágbàtà tí í sọ ọjà dọ̀wọ́n” lẹ máa ń pè mí. Alágbàtà yín tọ́ wáìnì mẹ́wàá wò níwájú àwọn olùdánwò, kò sì ṣi ọ̀kan mọ̀. Ẹ̀yin lẹ kọ́ mi nídìí ọ̀pẹ bí a ṣe ń fẹnu mọ ẹmu àná yàtọ̀ sí tòní.

Ìgò wáìnì tí ẹ fẹ́ fi han àwọn ará Òkèrèwè kò tíì lè wá. Òfin kò fẹ́ kí alágbàtà ní ọjà tirẹ̀. Òfin ló fà á o, kì í ṣe ohun mìíràn.

Wọ́n ní mo gbọ́dọ̀ ní ọ́fíìsì, mo sì ti ní in. Kò jìnnà sílé rárá: bí mo bá ti ká ibùsùn nílẹ̀ láàárọ̀, mo ti dé ibi iṣẹ́. Oníbàárà àkọ́kọ́ kò ní pẹ́ dé.

Ẹ gbé ẹ̀dà ìwé àṣẹ tí mo fi sínú lẹ́tà yìí kọ́ sí pálọ̀. Orúkọ yín, Awódélé, ló hàn jù lára rẹ̀.

Ẹ bá mi kí Màmá àti Fúnlọ́lá. Bí wọ́n bá béèrè ìgbà tí mò ń bọ̀, ẹ ní òfin kò fẹ́ kí ọ́fíìsì ṣófo.

Ọmọ yín,
Ìmísí