Ìṣirò Yìnyín Tísà Bùnmi

Ọjọ́bọ, Ẹ̀fọ̀n-Aláayè

Epo jẹnẹrétọ̀, ẹgbẹ̀rún méjì náírà. Bébà, ẹgbẹ̀rún kan. Ẹgbẹ̀ta ló kù.

Ìṣirò Tísà Bùnmi ṣì ń rú mi lójú. Ìwé ìgboyè rẹ̀ ni mo ń bá a tẹ̀. Ó ní yìnyín kan tó fẹ́lẹ́ ju irun lọ ni wọ́n tan ìmọ́lẹ̀ tí ojú kò lè rí gba inú rẹ̀ kọjá. Ó dábàá bí yìnyín náà ṣe ń mú ìmọ́lẹ̀ tẹ̀, ó ṣírò, kò bá ohun tí ẹ̀rọ wọ̀n mu. Ó yí àbá náà padà, ó tún un ṣe. Ẹ̀ẹ̀keje ló tó bára mu.

Èmi rò pé mẹ́fà àkọ́kọ́ ti kùnà. Kí owó rẹ̀ má baà pọ̀, ìkeje nìkan ni mo tẹ̀. Mo kó bébà mẹ́fà yòókù fún ìyá alákàrà kó máa fi di àkàrà.

Nígbà tí Tísà wá gba iṣẹ́ tí mo tẹ̀, ó figbe ta. "Ìyá Tọ́pẹ́, ẹ ti pa mí! Àwọn ọ̀gá mi ní yunifásítì fẹ́ rí bí mo ṣe rìn débẹ̀. Ọ̀la ni mo máa kó o fún wọn!"

A sáré lọ bá alákàrà. Mẹ́ta la rí, epo ti mu wọ́n.

"Ẹ má bínú o, ẹ̀yin oníwèé. Mẹ́ta yòókù ti bá àkàrà lọ sí Ìjurìn."

Tísà ṣì jókòó sí ṣọ́ọ̀bù mi, ó ń ṣírò mẹ́ta tó sọnù lọ́tun. Bí ìdáhùn bá ti wà, kí ni àwọn ọ̀gá rẹ̀ fẹ́ fi èyí tí kò bá a mu ṣe?

Ẹgbẹ̀rún mẹ́rin náírà ló kù tó yẹ kó san. N kò ní ẹnu láti béèrè rẹ̀.