Ìlà Tí Mo Tò Sí

Ọmọ mi àtàtà,

Mo kí ọ, mo kí aya rẹ, mo sì kí ọ kú iṣẹ́ tí ò ń ṣe. Àdúrà mi ni pé kí ilẹ̀ tí ẹ ń tẹ̀ níbẹ̀ má ṣe yọ̀ mọ́ yín lẹ́sẹ̀. Ara wa le. Ìyá rẹ ní kí n sọ fún ọ pé ẹsẹ̀ òun ti fúyẹ́ díẹ̀, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ó di ọdún kẹta tí nọ́ọ̀sì ti kúrò ní ilé ìwòsàn wa, òun fúnra rẹ̀ ló ń tọ́jú ara rẹ̀.

Ọ̀rọ̀ kan ló wúwo lọ́kàn mi tí mo fi mú gègé. Ẹgbẹ́ òṣèlú wa fẹ́ yan ẹni tí yóò du àga ilé ìgbìmọ̀ aṣòfin lórúkọ ẹgbẹ́. Tíṣà tó kọ́ ọ níwèé ń dù ú, agbaṣẹ́ṣe tó ni ọkọ̀ akẹ́rù mẹ́ta náà ń dù ú. Àwa káfíńtà fẹnu kò sí Tíṣà, nítorí òun nìkan ló ṣèlérí pé òun yóò bá wa bèèrè nọ́ọ̀sì, wọ́n sì rán mi lọ gẹ́gẹ́ bí aṣojú.

Nígbà tí mo dé gbọ̀ngàn, ìlà méjì ni mo bá. Àwòrán Tíṣà wà níwájú ọ̀kan, ti agbaṣẹ́ṣe wà níwájú èkejì, ṣùgbọ́n ó ti tó oṣù méjì tí àwòrán wọn ti wà lára gbogbo ògiri, mo kà á sí ọ̀ṣọ́. Ṣebí ìlà méjì náà là ń tò nílé ìwòsàn nígbà tí nọ́ọ̀sì ṣì wà, tí méjèèjì sì ń já sí ẹnu ilẹ̀kùn kan? Mo tò sí èyí tó kúrú lójú, nítorí wọ́n fún mọ́ra níbẹ̀, mo ní bó bá kàn mí, n ó dárúkọ ẹni tí wọ́n ní kí n yàn. Ẹni tó ń lẹ táyà ní ìkóríta ké láti ìlà kejì, ó ní Bàbá Káfíńtà, kí lẹ ń wá níbẹ̀ yẹn? Mo ní kó fi sùúrù dúró síbẹ̀, ọgbọ́n la fi ń tètè délé. Wọ́n hó lé mi lórí. Mo rò pé ìlara ni, mo juwọ́ sí wọn. Ọ̀gá tó ń kà wá fọwọ́ kàn mí léjìká, ó ní ọ̀kànlélọ́gọ́ta. Kí n tó lanu pe Tíṣà, wọ́n ti gbé agbaṣẹ́ṣe sókè. Ọgọ́ta ni Tíṣà ní.

Nísinsìnyí, gbogbo àdúgbò ní wọ́n ti fowó rà mí, pé olè ni mí. Àwọn káfíńtà ẹgbẹ́ mi kò jókòó tì mí mọ́. Ẹnì kan tilẹ̀ ká wa sínú fóònù, ó ń fi hàn káàkiri pé èmi rèé tí mò ń juwọ́. Ìwọ tí ò ń gbé nítòsí àwọn tó ni fóònù, jọ̀wọ́ bá mi bẹ̀ wọ́n kí wọ́n rọra sún mi sí ìlà kejì nínú àwòrán náà. N kò ní kí wọ́n purọ́ o, ibi tí ọkàn mi wà ni kí wọ́n gbé mi sí.

Mo lọ bá Tíṣà, mo ṣí fìlà. Ó ní ìgbìmọ̀ ẹgbẹ́ yóò gbọ́ ẹ̀hónú òun ní Ọjọ́bọ̀, ní ìlú tí o wà, ṣùgbọ́n òun kò lè ní kí àgbà bíi tèmi wá jẹ́wọ́ àṣìṣe rẹ̀, kó dójú ti ara rẹ̀ níwájú èrò. Ìyá rẹ náà ní kí n má lọ, pé wọ́n á pè mí ní òmùgọ̀. Mo ní olè ni wọ́n ń pè mí báyìí. Nínú méjèèjì, òmùgọ̀ ni mo jẹ́.

Nítorí náà, fi owó ọkọ̀ ránṣẹ́, ti àlọ nìkan, ti àbọ̀ wà lọ́wọ́ mi. Tọrọ àyè níbi iṣẹ́ rẹ, kí o wá jókòó síbi tí ojú mi ti lè tó ọ. Bí wọ́n bá rẹ́rìn-ín, má ṣe bá ẹnikẹ́ni jà. Jẹ́ kí wọ́n rẹ́rìn-ín tán, n ó sì tún un sọ.

Kí Ọlọ́run dá ọ sí kí o dàgbà, kí ojú má sì tì ọ́ láé láti sọ òtítọ́.

Èmi ni bàbá rẹ.