Ohun Tí A Kó Sínú Díìsìkì Kékeré

Tijésùnimí, ọmọ mi, ọdún mẹ́ta rèé tí o lọ. Ọdún mẹ́ta! Àwọn kan ní òbí kì í ṣe ìrántí ọmọ. Kí wọ́n máa sọ ọ́. Àwọn kọ́ ló bí ọ.

Búrẹ́dì wa ṣì ń jáde lójoojúmọ́ ní Kofar Rini lókè Ọya níbí. Bàbá rẹ ti kan òrùlé ilé wa ní Ògbómọ̀ṣọ́. Yàrá rẹ wà níbẹ̀, kò sẹ́ni tó fẹ́ sùn síbẹ̀. Àbúrò rẹ, Olúwadùnsìn, ti wọ yunifásítì. Ó ti ga jù mí lọ, ìrìn rẹ gan-an ló sì ń rìn. Bó bá ń wọlé bọ̀ nígbà mìíràn, àyà mi á já.

Láàpútọ́ọ̀pù rẹ ló ń lò. Lóṣù tó kọjá, ó bẹ̀rẹ̀ sí í ró kẹ̀kẹ̀kẹ̀. Èèyàn á po ìyẹ̀fun tán kó tó tàn. A gbé e lọ bá Garba tó ń tún kọ̀ǹpútà ṣe ní Gawon Nama. Ó ní háàdì inú rẹ̀, ibi tó ń kó nǹkan pa mọ́ sí, ti ń kú lọ, kí a tètè kó ohun tó wà níbẹ̀ sórí díìsìkì tuntun tí wọ́n ń pè ní SSD. Kò burú. Àmọ́ àyè inú èyí tágbára wa ká kò tó ìdajì ti àtijọ́. Garba ní ètò tó ń gbé ẹ̀rọ náà ṣiṣẹ́ gbọ́dọ̀ kọjá, iṣẹ́ ilé-ìwé Olúwadùnsìn náà gbọ́dọ̀ kọjá. Nínú ìyókù, ohun tí àyè kò bá ti gbà, ó lọ nìyẹn.

Ọmọ mi, ta ló kún inú ẹ̀rọ rẹ? Èmi! Fídíò mi ló gba gbogbo ibẹ̀. Èmi nídìí ìyẹ̀fun, èmi nídìí ààrò, èmi tí mò ń bá oníbàárà jà lórí búrẹ́dì tó jóná. Ṣebí ìwọ lo máa ń gbé fóònù tì mí lójú, o ní nítorí ọjọ́ tí mo bá darúgbó tí mo lọ ni, kí ẹ má baà wá ohùn mi tì. Mo ní kí Garba fi gbogbo rẹ̀ sílẹ̀. Kí ni mo fẹ́ fi ojú ara mi ṣe? Ojú tèmi kọ́ ni mò ń wá.

Olúwadùnsìn bú sẹ́kún nínú ṣọ́ọ̀bù. Ó ní kí n kọ́kọ́ gbọ́ ọ̀kan, ó sì tàn án. Háà! Lóòótọ́, èmi ni mo wà níbẹ̀, àmọ́ ìwọ lo di fóònù mú, ohùn rẹ ló kún inú rẹ̀. Ò ń rẹ́rìn-ín. Ò ń bi mí bóyá iyọ̀ ti tó. Garba kí mi pé sannu, ìyẹn pẹ̀lẹ́ lédè wọn, ó sì bọ́ síta kó lè fún wa láyè.

Gbogbo rẹ̀ la kó kọjá. Olúwadùnsìn fi fíìmù àti orin rẹ̀ sílẹ̀ kí àyè lè gbà ọ́. Ẹ̀rọ náà ti ń yára báyìí.

Ọ̀kan wà níbẹ̀ tí mi ò tíì wò dópin rí. Mò ń po ìyẹ̀fun, mò ń súre fún yín. Mo ní ẹ̀yin ọmọ mi lẹ ó sin mí, pé ojú mi ò ní rí òkú ọmọ. Ìwọ sì dáhùn lẹ́yìn fóònù, tayọ̀tayọ̀:

"Àmín, Màámi."

Ibẹ̀ ni mo máa ń pa á. Tó bá di ọjọ́ kejì, màá tún tàn án, nítorí ohùn rẹ ni. Mò ń ṣàárò rẹ, ọmọ mi. Mo nífẹ̀ẹ́ rẹ.

Màámi rẹ, Àyọ̀ká, lórúkọ gbogbo ilé.